Sáfà Tí Kò Lè Gbàgbé Orúkọ

Ọkùnrin kan ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì yàrá ẹ̀rọ, ó fi etí lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá, ó pa ojú dé bí ẹni tí wọ́n ń kọrin sí létí. Bàtà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì ti bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Yìnyín tó bá a wọlé ti yọ́ sí èjìká ẹ̀wù rẹ̀, irun rẹ̀ sì dà bí ìyẹ́ òròmọdìẹ tí òjò pa.

Báyìí ni Zornitsa ṣe kọ́kọ́ rí Lyuben, ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù kejì, ní ìlú Ruse létí odò Danube. Ó di bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì gbígbóná tó rà lọ́nà, mọ́ àyà, ó ń rò ó bóyá kí òun figbe ta.

“Ta nìyẹn? Kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

Ọkùnrin náà kò ṣíjú. Ó kàn na ìka kan sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.”

“Kí ta ni sọ̀rọ̀ tán?”

“Sáfà yín. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń họlẹ̀.”

Kò wu Zornitsa, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí lé e. Lóòótọ́ ni nǹkan kan ń ró gìrìgìrì nínú ẹ̀rọ náà, bí eku tó há sínú àgbá. Nígbà tó máa yíjú, àlejò náà ti la ojú, ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ dúdú, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Ni Zornitsa bá dìde kíá, ó ní bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu irin bá ti ṣetán, kó lọ wá bàtà rẹ̀ kejì.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni Zornitsa ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ wọn ló ń kó àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Ítálì àti Sípéènì wá sílé, pàápàá nígbà ọdún Àjíǹde. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èrò ti ń gba àyè ìjókòó, sáfà yìí ló sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Zornitsa ló kọ kóòdù tó ń sọ ohun tí yóò wí fún un. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń sún mọ́lé ni ìkànnì náà ń falẹ̀ bí ìgbín. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á lọ po kọfí, á mu ún tán, ojú-ewé kò ní tíì ṣí. Ìyẹn ló mú kí Bistra, ọ̀gá wọn, ránṣẹ́ pe Lyuben láti ìlú Varna, kò sì sọ fún Zornitsa.

Inú bí i. Ta ni inú rẹ̀ kò ní í bí, tí wọ́n bá mú oníṣègùn wá wo ọmọ ẹni láìsọ fún ìyá? Ohun mìíràn sì tún wà lọ́kàn rẹ̀. Evdokia ìyá rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Bologna láti ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti bọ́ lọ́wọ́ Gencho bàbá rẹ̀. Ọdún Àjíǹde tí ìyá náà ti jẹ lẹ́yìn odi kò ṣeé fẹnu sọ. Lọ́dún yìí, ó ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Ọkọ̀ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni yóò sì wọ̀.

Lyuben ò yájú sí i. Ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé bí oníbàárà kan bá kan ilẹ̀kùn, ńṣe ni sáfà ń ka gbogbo kóòdù láti ìbẹ̀rẹ̀, á lò ó lẹ́ẹ̀kan, á sì dà á nù. “Bí ẹni ń dá iná tuntun fún olúkúlùkù ọmọ tó bá ní ebi ń pa òun,” ló wí. Bí èrò bá pọ̀, mẹ́mọ́rì á kún, ẹ̀rọ á wá máa sáré lọ tọ́jú nǹkan sórí díìsìkì, níbi tó jìnnà. Ariwo tí wọ́n gbọ́ nìyẹn. Ó ní kí àwọn so irinṣẹ́ kan mọ́ sáfà, tí yóò ka kóòdù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì jẹ́ kó wà lójúfò títí, kí àwọn sì dín iye òṣìṣẹ́ inú sáfà kù, ìyẹn àwọn ètò inú ẹ̀rọ tó ń dá èrò lóhùn, kí wọ́n má baà ju mẹ́mọ́rì lọ.

Zornitsa ní tí òṣìṣẹ́ bá dín, èrò á tò síta. Ó lọ wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń fi ọjọ́ ṣe gan-an, ó sì rí i pé àwọn abara ńlá yìí kàn ń jókòó ti àwòrán ọkọ̀ ni, wọ́n ń fi ṣọwọ́ díẹ̀díẹ̀ sí àwọn tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ò yá ní abúlé Ítálì. Ó ní kí wọ́n gbé sáfà kékeré kan síwájú fún àwòrán, kí àwọn alágbára máa ṣe iṣẹ́ agbára.

Lyuben kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. “Mi ò rò ó débẹ̀,” ló wí. “Wọn ì bá má ti pè mí rárá.”

“Ẹ̀yin náà wúlò o, Dókítà,” ni Zornitsa fèsì. “Ẹ mọ etí í gbé sílẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni bánítsà méjì ti ń wọ ọ́fíìsì láàárọ̀. “Ẹ” di “o” láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tó yí padà. Ó di “Zori” lẹ́nu Lyuben. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́, wọn á rìn lọ sí etídò, wọn á máa wo yìnyín tó ń fọ́ lọ lójú omi, Lyuben á sì máa sọ bí òkun ṣe ń rùn ní Varna nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ kan ni Gencho pàdé wọn níbẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ omi náà wo ọmọkùnrin yìí látòkè délẹ̀, ó ní ọmọ òkun kì í fọkàn sí odò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Zornitsa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun Lyuben.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, wọ́n tan ètò tuntun. Ìkànnì náà wá ń ṣí bí ìṣẹ́jú ojú. Bistra bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Ìwé ọkọ̀ èèyàn ń jáde pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn. Ní ibùdókọ̀ Bologna, awakọ̀ wo ìwé Evdokia, ó wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, orúkọ ò bára mu. Ó bẹ awakọ̀ títí. Ọkọ̀ ti kún, àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, ni wọ́n bá fi obìnrin náà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú àpò rẹ̀.

Bistra pe àwọn méjèèjì. Kí Zornitsa tó la ẹnu, Lyuben ti sọ̀rọ̀.

“Èmi ni,” ló wí. “Irinṣẹ́ tí mo so mọ́ ọn ló fà á.”

Bistra ní kó padà sí Varna. Zornitsa kò gbèjà rẹ̀, nítorí ó gbà á gbọ́. Ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù ṣì wà létí rẹ̀, bí ó ṣe ń díbọ́n pé òun ò sunkún. Nígbà tí Lyuben na ọwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó yí ojú sí ògiri. Gencho kó ẹyin ọdún Àjíǹde tí ó ti pa láró pupa sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àtúnṣe wá já lé Zornitsa léjìká. Ó ronú pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ inú sáfà bá pọ̀, àṣìṣe á máa fara pamọ́ láàárín wọn. Ó wá tan sáfà náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan péré. Ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba ìwé, ó jáde dáadáa. Ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ gbà á. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló tún jáde.

Ó tẹ̀lé e títí ó fi bá a. Kóòdù kékeré kan wà nínú kóòdù ńlá, èyí kékeré rọ̀ mọ́ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tó dá lóhùn, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń da kóòdù nù lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kò séwu. Ìgbà tó wà lójúfò ni àlébù rẹ̀ hàn. Zornitsa fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́.

Lyuben mọ kóòdù yẹn bí ẹní mowó. Ó dájú pé ó ti mọ̀.

Ó tún un ṣe, ó lọ sọ òótọ́ fún Bistra, ó lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin Varna. Ó bá Lyuben lẹ́yìnkùlé ilé ìyá ọmọkùnrin náà, níbi tó ti ń gé ẹ̀ka igi eléso.

“O mọ̀ pé èmi ni,” ni Zornitsa wí, kò kí i.

“Mo mọ̀.”

“Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé ọmọdé ni mí tí wàá máa bá mi jẹ́jọ́? O jẹ́ kí n kórìíra rẹ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Lyuben gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èmi náà jẹ̀bi. Èmi ló dán an wò.” Ó wolẹ̀. “Ká ní mo fi orúkọ méjì dán an wò, ǹ bá ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.”

“Orúkọ ta ni?”

“Zornitsa. Ó máa ń wù mí láti tẹ̀ ẹ́.”

Zornitsa fẹ́ bínú, ìbínú kọ̀ kò wá. Ẹ̀rín ló bú sí i lẹ́nu, omijé sì bá ẹ̀rín náà jáde. Ó nu ojú, ó ní, “Má tún gbé ẹrù mi láìbéèrè lọ́wọ́ mi mọ́, Lyuben.”

“Mi ò ní í gbé e mọ́.”

“Bí a bá fẹ́ gbé e, ká jọ gbé e ni.”

“A óò jọ gbé e, Zori mi.”

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni Evdokia dé. Gencho ti pa ọ̀dọ́ àgùntàn, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Lyuben dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kò dá a lójú pé wọ́n fẹ́ òun níbẹ̀. Evdokia sọ̀ kalẹ̀, ó di ọkọ rẹ̀ mú pẹ́, ó di ọmọ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ọmọ wo ní ilé-iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Lyuben.

Gencho fajú ro. Ó ní kí ló fẹ́ fi í ṣe.

Evdokia ní láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti fi òun sílẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ti ń pe òun láràárọ̀. Òun kọ́ nìkan, gbogbo ẹni tí ìwé wọn bàjẹ́ ló pè, títí kálukú fi rí àyè. Ó bẹ òun, ó bá òun wá ọkọ̀, nígbà tó sì gbọ́ pé orúnkún ń dun òun, ó ní kí wọ́n fi òun sí iwájú níbi tí ẹsẹ̀ ti lè nà. Kò sọ nígbà kankan pé òun mọ Zornitsa.

Gencho yíjú. Ó wo Lyuben níbi tó dúró sí. Ó gba ọ̀kan nínú àpò ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, ó rìn lọ bá Lyuben, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

“Ẹran ti ń jinná nílé,” ló wí. “Máa bọ̀.”

Evdokia ò padà sí Bologna mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, tí èso àjàrà pọ́n, wọ́n so Zornitsa àti Lyuben pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lókè odò. Ní ẹnu ọ̀nà ilé, ìyá Lyuben gbé búrẹ́dì ìgbéyàwó sókè, kí ọkọ àti ìyàwó fà á ya bí àṣà ti wí, ká lè mọ ẹni tí yóò máa pàṣẹ nínú ilé. Wọ́n fà á. Ti Zornitsa ló tóbi jù, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Gencho tẹ orí sún mọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. “Ti ìyàwó mi náà ló tóbi lọ́jọ́ tiwa,” ló wí. “Àìsí rẹ̀ nílé ni mo fi mọ̀ pé ó yẹ kó tóbi.”

Lyuben la ẹnu láti fèsì. Zornitsa ti ki búrẹ́dì bọ oyin, ó ti fi sí i lẹ́nu.