Ẹrù Tí Àmọ̀dá Ò Rù

Kò sẹ́ni tó jókòó hun ìtàn yìí. Ó ṣẹlẹ̀ l'Ọ̀tà lọ́dún 1936. Bí Ràfátù, ìyàwó Àmọ̀dá, ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní náà ló ṣe ń sọ ọ́ títí ó fi darúgbó.

Ìdajì ni wọ́n ń pe Àmọ̀dá ládùúgbò. Níbi eré ìje Ẹ́ḿpáyà Dè, àjọ̀dún ìjọba òyìnbó, lọ́dún tó kọjá, láti Ọ̀tà dé Ìjòkò, ìdajì ọ̀nà ló ti ṣubú, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e wálé. Òun fúnra rẹ̀ máa ń bá wọn fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀, Àdìzát, sunkún dé láti ilé kéú pé "ọmọ Ìdajì" ni wọ́n ń pe òun, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó pinnu pé lọ́dún yìí, òun á sá a dé òpin.

Tíṣà Fádáhùnsí, tó ń kọ́ àwọn eléré, ní kó sáré kí òun rí i. Bó ṣe rí i, ẹ̀rín pa á.

"Àmọ̀dá, kí lo rù?"

"Mi ò ru nǹkan kan, Tíṣà."

"Wo ọwọ́ ẹ."

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, bí ẹni tó di agbọ̀n mú. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ru obì lọ sídìí rélùwéè ní Ìjòkò, kí lọ́rì tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláàárù, tí Àmọ̀dá fi di bíríkìlà. Ọrùn rẹ̀ ṣì le gan-an. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ gbì, gbì.

"Sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀," ni Tíṣà wí. "Jẹ́ kí ìṣísẹ̀ ẹ kúrú. Má sì kánjú. Òpó wáyà kan ṣoṣo ni kó o máa fi kún un lójúmọ́."

Bó bá ti kírun àsùbáà tán, Àmọ̀dá á bọ́ sọ́nà Ìjòkò. Òpó mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ya olóríkunkun. Bó bá ti gbàgbé rẹ̀ báyìí, ó ti tún lọ sókè.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó dé òpó kejìdínlógún, lábẹ́ igi odán táwọn aláàárù ti máa ń sinmi láyé ọjọ́un, tí wọ́n ti máa ń bá ara wọn sọ ẹrù kalẹ̀. Ìrì ń kán látorí ewé. Lójijì, àwọn ẹyẹ dákẹ́. Ìrì náà ò kán mọ́.

"O kú ẹrù o."

Ohùn àgbàlagbà ni, létí rẹ̀ gan-an. Kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà.

"Ṣé kí n bá ọ sọ̀ ọ́?"

Eré tí Àmọ̀dá sá lọ sílé lọ́jọ́ náà, ká ní Tíṣà rí i ni, ì bá yìn ín.

Ó ròyìn fún Ràfátù.

"Kí lẹ fi dá a lóhùn, Baba Àdìzát?"

"Mo sá."

"Ó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ wá sá fún un."

Nílẹ̀ ọjọ́ kejì, ó padà lọ. Lábẹ́ igi náà, gbogbo nǹkan tún dákẹ́.

"O kú ẹrù o."

"Ẹ ṣé o," ó ní. "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́."

Ọwọ́ méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Wọ́n tutù. Nǹkan kúrò lórí rẹ̀, ó sì balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbìì. Kò wẹ̀yìn. Ọrùn rẹ̀ dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sáré dé òpó kọkàndínlógún kó tó rántí pé ó yẹ kó ti rẹ òun.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó rí i pé koríko abẹ́ igi náà ti tẹ̀ rìbìtì, ó fẹ̀ tó ìdí agbọ̀n obì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ojú ibi tó tẹ̀ ń kéré sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò ju igbá lọ. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ju òṣùká lọ. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni ò kí i mọ́, àmọ́ òpó ń pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹ́ḿpáyà Dè, Àmọ̀dá sá a dé Ìjòkò. Ẹni keje ló ṣe. Ó sunkún níwájú gbogbo èèyàn, ojú ò sì tì í. Nígbà tó fi máa padà dé Ọ̀tà, "ọmọ Eléré" ni wọ́n ti ń pe Àdìzát.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ dúpẹ́ lábẹ́ igi odán. "Ẹ ṣé o," ó ní.

Ó fẹ́ máa lọ. Ni àwọn ẹyẹ bá dákẹ́.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń bọ̀ láti apá Ọ̀tà. Gbì. Gbì. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ yanrìn nìkan ló ń tẹ̀ wọnú, lọ́kọ̀ọ̀kan, wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni náà dúró síwájú rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òórùn obì tútù gba ibẹ̀ kan.

Àmọ̀dá lè sá. Ó ti mọ̀ ọ́n sá báyìí. Kò sá.

"Ẹ kú ẹrù o," ó ní.

Ohùn àgbàlagbà náà ló dáhùn, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an.

"Bá mi sọ̀ ọ́, ọmọ mi."

Àmọ̀dá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ba etí agbọ̀n. Ó wúwo ju èyíkéyìí tó rù rí lọ. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.