Ìwé Ìdìbò Mẹ́tàdínlógún

"Kò sí níbí." Akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Hephzibah máa gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Inú bí i débi pé kò dágbére kó tó jáde. Ohun tó ń wá ò ju èsì ìdìbò ọdún 1990 lọ, ti Wọ́ọ̀dù Òkè-Ọ̀rọ̀ ní Kabba, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti pa pọ̀ mọ́ òmíràn tipẹ́tipẹ́. Ó ti rí ti 1987, ó ti rí ti 1997. Ní ọ́fíìsì kan wọ́n ní kó lọ sí òmíràn. Ní òmíràn náà wọ́n ní àfi Ìlọrin, torí abẹ́ Kwara ni ìlú wà nígbà náà. Ta ni yóò gbé e dé Ìlọrin?

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, olùkọ́ wọn, ti sọ pé ẹni tó bá kọ ìtàn ìdìbò wọ́ọ̀dù náà dáadáa jù ni yóò ṣojú ilé-ìwé níbi ìdíje kan ní Lọ́kọ́ja. Virtue, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni wọ́n máa ń mú ṣáá, ó sì ti sú Hephzibah.

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò rí ti 1990," ni Virtue sọ fún un.

"Ìyẹn ló máa gbé ẹ dé Lọ́kọ́ja?" Hephzibah fi í rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wo èsì 1987, ó bù díẹ̀ kún un níhìn-ín, ó yọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sọ ọ́ di ti 1990. Ó ti gbọ́ pé Bàbá Oyèbánjí, àgbàlagbà àdúgbò wọn, díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ lọ́dún yẹn, ó sì fìdí rẹmi, ó wá fún un ní igba ìbò ó lé méjìlá. Kó lè dà bí òótọ́, ó fi kún un pé: "Ìwé ìdìbò mẹ́tàdínlógún ló bàjẹ́." Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ ọn gan-an.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ka iṣẹ́ wọn níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ta ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran pè wá gbọ́ ọ bí kò ṣe Bàbá Oyèbánjí fúnra rẹ̀! Hephzibah rí i, àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bó ṣe dé orí 1990, bàbá náà na ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kabba.

"Okun o, ọmọ mi. Ìwé wo ló bàjẹ́?"

"Ìwé ìdìbò, sà."

"Ìwé ìdìbò kankan ò sí lọ́dún yẹn. Àpótí ò sí. Orí ìlà la tò sí nínú oòrùn, àwọn kan lẹ́yìn àwòrán ẹṣin ẹgbẹ́ òṣèlú kan, àwọn kan lẹ́yìn àwòrán idì ẹgbẹ́ kejì, wọ́n wá ń ka orí wa bí ẹni ń ka ewúrẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Àwọn mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ló tò sẹ́yìn mi. Mẹ́ta péré ni wọ́n fi jù mí lọ. Mo yíjú padà, mo rí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, lórí ìlà kejì, ó ń wolẹ̀. Ọdún mẹ́fà la ò fi jẹun pọ̀. Ìyẹn lo sọ di ìwé tó bàjẹ́. Magdalene, ìyá àgbà rẹ, ló ṣìkẹta lẹ́yìn mi. Ṣé o bi í?"

Hephzibah ká ìwé ọwọ́ rẹ̀. Inú ilé kan náà lòun àti ìyá àgbà ń gbé.

Virtue ni wọ́n mú. "Ó sọ pé òun ò mọ̀, mo lè ràn án lọ́wọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran wí. "Ìwọ tó o mọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí ni kí n ṣe sí tìẹ?"

Ó délé tòun ti omijé. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?" Ìyá àgbà gbé abọ́ ẹ̀gúsí tó ń bó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó wà lórí ìlà, Hephzibah ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé orí ẹni ogójì, kò rántí mọ́.

"Ọbayẹmí ì bá rántí àwọn tó kù. Òun ló ń bá wa to ìlà ọjọ́ náà."

"Ẹ jẹ́ n lọ bá wọn."

"Bá ta ni? Ọbayẹmí tá a sin lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ìwọ náà jẹ nínú ìrẹsì ìsìnkú rẹ̀."

Hephzibah wo àyè tó ṣófo lábẹ́ orúkọ ogójì náà. Ìgbà yẹn ló wá yé e pé ẹni tó bá ti hùmọ̀ ìtàn kì í wá òótọ́ rẹ̀ mọ́, àti pé àwọn tó mọ òótọ́ ọ̀hún ò ní máa dúró de òun títí ayé.