Afinimọ̀nà Ààlà Ìpódò

Gbogbo àwọn àlejò ló gba orí afárá pákó kọjá, àfi ọkùnrin kan. Ó jókòó sí bèbè odò, ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè dé orúnkún, ó wá rọra ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi bí ẹni tó ń wọ ilé tí wọn ò pè é sí. Omi náà ò ju kókósẹ̀ lọ. Ó dúró sáàárín rẹ̀, ó dijú.

Sèínábù ń wò ó láti òdì kejì. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti ń mú èèyàn rin ààlà Ìpódò ní Sátidé, kò sì tíì rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú omi, afárá wà níbí o! Àbí ẹja lẹ̀ ń wá?"

Ọkùnrin náà lajú. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, ọ̀gá wa. Mo ní kí n mọ bó ṣe jìn tó ni."

"Kò jìn rárá. Ohun tó ń dunni gan-an nìyẹn. Ẹ máa bọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ."

Ọdún 2002 ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìpódò ò tóbi. Ìlú kékeré ni, lójú ọ̀nà tó gba Ọ̀tùn kọjá lọ sí ìpínlẹ̀ Kúwárà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Sèínábù. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Bó bá di Sátidé, yóò kó àwọn àlejò jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, yóò sì fi ẹsẹ̀ mú wọn rìn láti òkúta ààlà kan dé òmíràn.

"Ẹ wo odò yìí dáadáa," ló wí nígbà tí gbogbo wọn pé. "Nígbà tí òyìnbó ń pín ilẹ̀, odò ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ààlà. Ẹnì kan ló mú wọn wá síbí, tó ní èyí ni odò ńlá náà. Bí wọ́n ṣe la ìlú wa sí méjì nìyẹn. Òkè-Odò di ti Ìlọrin, Ìsàlẹ̀-Odò di ti Èkìtì. Ìyá ń kú lọ ní ìhín, ọmọ rẹ̀ dúró lọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ ẹkún, dógarì, ọlọ́pàá ayé ìgbà náà, ò jẹ́ kó kọjá."

Ó mú wọn dé ìdí àlàpà kan tí igbó ti bò. Ohùn rẹ̀ le.

"Ilé Fágbohùn nìyí. Òun ló ta ìlú. Nígbà tí wọ́n so wá pọ̀ padà, ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun Hítílà, bàbá tó bí bàbá mi, Sùmọ́nù, tó ru ẹrù fáwọn òyìnbó lọ́jọ́ náà, ló dúró láàárín ọjà tó tú àṣírí. Wọ́n sun ilé yìí, wọ́n lé tọmọ-taya Fágbohùn jáde. Ẹni tó bá kọjá níbí, òkò kan ló ń sọ."

Gbogbo wọn ṣa òkúta, wọ́n ń sọ ọ́ lu ògiri. Ọkùnrin inú omi náà mú tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e sí ìdí ògiri jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn, ó sì pa dà sẹ́yìn. Sèínábù rí i.

Ajíbádé lorúkọ tó kọ sínú ìwé àlejò. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkọ̀lé. Ní Sátidé kejì, ó tún dé. Ó dé ní ẹ̀kẹta. Ní ẹ̀kẹrin, Sèínábù ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, ẹ ti mọ ìtàn yìí ju èmi fúnra mi lọ. Kí lẹ tún ń wá?"

"Mò ń ṣọ́ bóyá ẹ ó gbàgbé ibì kan."

"Mi ò gbàgbé rí."

"Ẹ gbàgbé lónìí. Ẹ fo òkúta kẹta. Èmi lẹ̀ ń wò."

Ẹ̀rín pa á kó tó rántí pé ó yẹ kó bínú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá a rìn dé ìdí ọkọ̀. Kò sí tẹlifóònù ní Ìpódò nígbà náà, àwọn awakọ̀ Ìkọ̀lé ló ń bá wọn mú lẹ́tà wá sí gáréèjì Ọ̀tùn. Ajíbádé béèrè oríkì rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sórí gbogbo àpò ìwé: *Àwẹ̀ró mi.* Sèínábù, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, a máa ka ìwé náà lójú ọ̀nà, a sì kọsẹ̀.

Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Ajíbádé mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì náà.

"Sèínábù, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ ẹni tí mo jẹ́. Ìyá mi ni àbígbẹ̀yìn Fágbohùn. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n sun ilé wọn."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Sèínábù lọ́kàn ni gbogbo òkò wọ̀nyẹn.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti bú bàbá yín lójú rẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án."

"Kí ló dé tó ò pa mí lẹ́nu mọ́?"

"Kí n wí pé kí ni? Títí ìyá mi fi kú ló ń sọ pé bàbá òun ò ṣe é. Ọmọ ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá rẹ̀? Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, ó ní kí n bá òun ki ẹsẹ̀ bọ odò náà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé màá bá ọ níbẹ̀." Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Màá fẹ́ ọ," ni Sèínábù wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ajíbádé àti àbúrò bàbá rẹ̀ wá kí Alàájì Jàmálù, bàbá Sèínábù. Akọ̀wé kóòtù ni Alàájì kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ ìtàn ààlà sínú ìwé, tó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ọ̀yàyà gbà wọ́n, títí ó fi béèrè ilé ìyá ọkọ ìyàwó. Nígbà tó gbọ́ "Fágbohùn", ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ dìde nílé mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu wọn," ni Sèínábù wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí ẹ̀jẹ̀ Fágbohùn tó wọ ilé Sùmọ́nù, ẹ ó ti wẹ̀ mí, ẹ ó ti sin mí! Ẹ dìde!"

Ajíbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó jáde. Bàbá ò wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi kárí ìlú. Bí Sèínábù bá dé ìdí kànga, àwọn obìnrin á dákẹ́. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ó ṣì ń mú àlejò rin ààlà, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi àlàpà náà, kì í mú òkò mọ́. Oúnjẹ ò wù ú. Ó kọ lẹ́tà sí Ìkọ̀lé, ó fà á ya. Àwọn lẹ́tà tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ń kó jọ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ẹnì kan wà nínú ilé tí kò lè fara dà á mọ́: Ṣùkúrát, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí Sèínábù ń pè ní Ìyá Àgbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí àwọn méjèèjì jọ ń gún ẹyìn lẹ́yìn ilé, ìyá arúgbó náà gbé ọmọ odó sílẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tó mú ọwọ́ bàbá rẹ gbọ̀n lọ́jọ́ náà?"

"Ìbínú ni, Ìyá Àgbà."

"Ẹ̀rù ni. Ọmọ mi, ulé yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Sùmọ́nù bàbá wa ló mú òyìnbó wá sí odò kékeré. Wọ́n sì fi í ṣe olórí agbowó-orí ní Òkè-Odò. Nígbà tí ulú padà di ọ̀kan, tí wọ́n ń bèèrè ẹni tó ṣe é, ó sáré na ìka sí Fágbohùn. Ọjọ́ tó ń kú lọ ló jẹ́wọ́ fún èmi àti bàbá rẹ. Ó ní ká dákẹ́. A sì dákẹ́."

Sèínábù dìde pẹ̀lú epo lọ́wọ́, ó wọlé tọ bàbá rẹ̀ lọ. Kò kí i.

"Bàbá, ta ló fi odò hàn wọ́n?"

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀. Orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì kéré lójú Sèínábù lọ́jọ́ náà.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì kọ ọ́ fún mi kí n máa sọ ọ́? Kí n máa kó èèyàn lọ sọ òkò?"

"Bàbá mi ni, Sèínábù. Kí ni kí n fi orúkọ bàbá mi ṣe?" Ohùn rẹ̀ já. "Mo ti darúgbó. Jẹ́ kí n kú ná. Bí mo bá kú tán, sọ ohun tó bá wù ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sèínábù wọkọ̀ lọ sí Ìkọ̀lé. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ti bá Ajíbádé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì jókòó. Ajíbádé rọra jókòó sórí òkìtì pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ìyá mi ò parọ́," ló ń sọ ṣáá. "Ìyá mi ò parọ́."

"Bàbá ní kí n dúró títí òun á fi kú."

Ó gbójú sókè. "Ìyá mi náà dúró. Ọdún márùndínláàádọ́rin ló fi dúró."

"Bàbá mi ni, Ajíbádé."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mi ò fi ní bẹ̀ ọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Mi ò lè ní kó o pa bàbá rẹ. Mi ò sì lè máa bá ọ gbé, kí wọ́n máa sọ bàbá ìyá mi lókò. Máa lọ sílé, Àwẹ̀ró mi. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì."

Kò sin ín dé ọkọ̀. Sèínábù ò wẹ̀yìn. Odindi oṣù márùn-ún, wọn ò gbúròó ara wọn.

Ní ìparí ọdún 2003, Ìpódò ṣe ọjọ́ ìlú. Àwọn ọmọ ìlú ti ọ̀nà jíjìn wálé. Gbogbo wọn fẹ́ rin ààlà, wọ́n sì gbé àga fún Alàájì Jàmálù sí ìdí àlàpà, nítorí pé bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yìn. Sèínábù dúró níwájú wọn. Ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ti ṣa òkúta sọ́wọ́, tí wọ́n ń dúró dè é. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà wò ó, ó rọra mi orí: má ṣe é.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá," ló wí. Ó yíjú sí èrò. "Irọ́ ni mò ń pa fún yín láti ọdún márùn-ún. Fágbohùn ò ta ìlú. Sùmọ́nù ni. Bàbá wa ni."

Ó sọ ọ́ tán. Àwọn òkúta ń bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alàájì Jàmálù dìde, ó kọ ọwọ́ gbogbo ẹni tó fẹ́ mú un, ó sì dá nìkan rìn lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Sèínábù ń se oúnjẹ, Ìyá Àgbà ló ń gbé e wọlé kí bàbá tó jẹ ẹ́. Bí Sèínábù bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, yóò máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kọjá. Lóde, àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún Sèínábù tẹ́lẹ̀ ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá: àwọn kan nítorí pé ilé rẹ̀ ló ta ìlú, àwọn mìíràn nítorí pé ó tú àṣírí ẹni tó bí i. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ti Ìkọ̀lé wá: *Mo gbọ́. O ṣeun. Mi ò ní wá báyìí, kó má bàa dà bíi pé mo wá gba èrè lórí omijé bàbá rẹ.*

Bàbá kú ní oṣù kẹrin ọdún 2004, lẹ́yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́, lórí ẹní ìrun rẹ̀. Kò dágbére fún Sèínábù.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní àwọn ò ní wa sàréè fún ọmọ Sùmọ́nù. Lèmọ́mù bẹ̀ wọ́n, bàbá arúgbó méjì bẹ̀ wọ́n, wọn ò dìde. Oòrùn ń gòkè. Sèínábù jókòó ti òkú bàbá rẹ̀, kò lè sunkún mọ́. Ó mú ọkọ́ fúnra rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀kadà kan dúró níta. Ajíbádé ló sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àgbà ti ránṣẹ́ sí i láti àárọ̀. Ajíbádé bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ Sèínábù.

"Níbo ni?"

Wọ́n fi hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Lèmọ́mù sún mọ́ etí sàréè.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tí ò ń wa ilẹ̀ fún?"

"Bàbá Sèínábù ni, sà."

Nígbà tí ilẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Lẹ́yìn náà ni òmíràn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àgbà pe àwọn méjèèjì sínú iyàrá. Kò sí ìlù, kò sí èrò. Àbúrò bàbá Ajíbádé àti Lèmọ́mù nìkan ló wà níbẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kù ní ulé Sùmọ́nù tó lè fa ọmọ fọ́kọ, àfi èmi," ni ìyá arúgbó náà wí. Ó gbé ọwọ́ Sèínábù lé ti Ajíbádé. "Ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀."

Sèínábù ò gbójú sókè. "Kò bá mi sọ̀rọ̀, Ajíbádé. Títí ó fi lọ."

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́ kí n tó tún rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kọ́ ni mo wá fẹ́. Ìwọ ni."

Wọ́n wọ ọkọ̀ ọ̀sán lọ sí Ìkọ̀lé. Sèínábù ń sunkún láti Ọ̀tùn títí wọ́n fi kọjá Ìdó. Ajíbádé ò ní kó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìfàkì, ó ti sùn lọ lé e léjìká, ọkùnrin náà sì jókòó gbọnin, kò mira, kó má bàa jí i.