Káàdì Tó Wà Lọ́rùn Hàbíbátù

Ìyá Nùrẹ́nì ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ọmọ rẹ̀ l'Ẹ́gbẹ́dá tó fi gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni ìyàwó tí ọmọ òun fẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá kí wọn. Irun ni Hàbíbátù ìyàwó náà ń dì níwájú ilé, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń yá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á di irun dé ìdajì, apá rẹ̀ á rọ, á sì máa bẹ oníbàárà pé kó padà wá lọ́la.

Ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa wálẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Bó bá ń jẹ ẹran, á fọwọ́ ti àgbọ̀n kó tó lè rún un. Ohùn rẹ̀ pàápàá á máa gba imú jáde.

"Irú oorun wo lèyí, ìyàwó?" Màmá bi í lọ́jọ́ kan.

"Kì í ṣe oorun, Màmá. Àìsàn ni. Dókítà ní iṣan ara mi kì í gbọ́ràn mọ́ tí mo bá ti lò ó pẹ́. Tí mo bá sinmi, á tún ṣe díẹ̀."

Màmá sún mọ́ ọn. Ọrùn ìyàwó ló ń wò. Okùn kan wà níbẹ̀, káàdì pélébé tí wọ́n fi rọ́bà bò sì wà nídìí okùn náà.

"Èyí ńkọ́? Tírà ni àbí ońdè?"

Hàbíbátù rẹ́rìn-ín. "Káàdì tí dókítà fún mi ni, Màmá. Orúkọ àìsàn mi wà níbẹ̀, àti oògùn tí wọn ò gbọdọ̀ fún mi. Tí mo bá ṣubú síbi tí wọn ò ti mọ̀ mí, òun ló máa bá mi sọ̀rọ̀."

"Háà! Wọ́n ń so àìsàn mọ́rùn ni? Ohun táwọn èèyàn ń fi aṣọ bò! Kí làwọn ará àdúgbò á máa pe ọmọ mi? Bọ́ ọ sílẹ̀ jàre!"

Hàbíbátù ò bá a jiyàn, kò sì bọ́ ọ. Ó kàn tì í wọ inú bùbá dáadáa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ibà kọlù ú. Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti lọ síbi iṣẹ́ n'Ígàndó, kò sì sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni láyé ìgbà yẹn. Kó tó di ọ̀sán, ara Hàbíbátù ti gbóná janjan, ohùn rẹ̀ ti lọ, kò lè gbé orí nílẹ̀. Alámùúlégbè wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé òun àti Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ìdímù.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Adébùnmí, fọwọ́ kàn án níwájú orí. "Ibà ni, Màmá. Ẹ má mikàn. Abẹ́rẹ́ kolorokúìnì kan báyìí, ara á balẹ̀."

Ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Hàbíbátù gbìyànjú láti la ojú. Ó yanu, ohùn ò jáde. Ó gbé ọwọ́ kan, ọwọ́ náà dé àyà, ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún gbé e.

"Abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ bá mi dì í mú."

Màmá nawọ́ kó dì í mú, ló bá rí ibi tí ọwọ́ náà ń lọ. Kì í ṣe pé ọmọ yìí ń sá fún abẹ́rẹ́. Ọrùn rẹ̀ ló ń fọwọ́ wá!

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró!" Igbe náà dé ìta. Màmá ki ọwọ́ bọ inú bùbá, ó fa káàdì jáde. "Èmi ò mọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ kà á ná! Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó gún un!"

Nọ́ọ̀sì kà á. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sì sáré pe Dókítà Ọláníyan. Dókítà gba káàdì, ó kà á sókè létí Màmá:

"Mo ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní maiasitíníà. Iṣan ara mi máa ń rẹ̀, títí kan èyí tí mo fi ń mí. Ẹ má fún mi ní kolorokúìnì tàbí kuiníìnì láìkàn sí dókítà mi. Ẹ tètè wo bí mo ṣe ń mí."

Ó gbójú sókè. "Màmá, ẹ ṣeun o. Abẹ́rẹ́ tó ń wo ibà fún èmi àti ẹ̀yin yìí lè gba èémí lẹ́nu tirẹ̀."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n fi atẹ́gùn ran èémí Hàbíbátù lọ́wọ́, wọ́n tẹ dókítà rẹ̀ láago lórí nọ́ńbà tó wà lára káàdì, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó ti ń gba ìtọ́jú. Wọ́n fún un ní oògùn ibà mìíràn níbẹ̀, èyí tí kò ní ṣe é ní jàǹbá. Nígbà tí Nùrẹ́nì fi máa sáré dé, ìyàwó rẹ̀ ti ń mí geere.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó mu ẹ̀kọ, Màmá ló ń fi ṣíbí fún un.

"Èmi ni mo ní kó o bọ́ ọ," ni Màmá wí. "Ká ní o gbọ́ tèmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ fà á jáde, Màmá." Ohùn rẹ̀ ti padà, ó já gaara.

"Alihamudulilahi!" Màmá bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adébùnmí wá kí wọn. "Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rí irú àìsàn yìí rí," ló sọ. "Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Kì í ràn, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Bí káàdì yẹn ò bá sí, ibi tí mo máa bá a dé, Ọlọ́run ló mọ̀."

Ẹ̀yin ará wa, bí dókítà bá ní ẹ ní àìsàn tí kò wọ́pọ̀, ẹ ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì fún yín, pẹ̀lú oògùn tí ẹ ń lò, èyí tí ara yín kọ̀, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí o. Ara yín ni kó máa wà, káwọn ará ilé sì mọ ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó dákú lọ́nà, ẹ wo ọrùn rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti àpò rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí han dókítà kí wọ́n tó fún un lóògùn. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, tí apá rẹ̀ ń rọ lójoojúmọ́, ẹ má pè é lọ́lẹ. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù.

Káàdì ò dójú ti ẹnikẹ́ni rí. Ikú tó ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ni kì í tán lọ́kàn ẹni.