Ẹni Tó Dáhùn Lórí Adágún

Àmọ̀kẹ́ gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Upney, ní ìlú London, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ó sì ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ó wá ran òun lọ́wọ́.

"Tiwaladé! Tiwa o!"

Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi lè mí sínú kí ó sì mí síta. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan wá láti inú pálọ̀.

"Tiwaladé kò sí nílé."

Ó yẹ kí obìnrin náà hó ìhó ayọ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń gbé inú ilé yẹn, Adédèjì ọkọ rẹ̀ ni, Adédèjì kò sì tíì sọ gbólóhùn kan láti ìgbà Àjíǹde. Awakọ̀ tírélà ni ní Dagenham Dock. Níbi tí ó ti ń di okùn mọ́ ẹrù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọwọ́ rẹ̀ náà ń gbádùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà. Àwọn dókítà ṣe é títí. Ó kàn máa ń di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ni, omi á sì lé ròrò sí i lójú. Ohun tí Àmọ̀kẹ́ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju pé kí òun tún gbọ́ ohùn yẹn lọ.

Ó wá gbọ́ ọ, irun apá rẹ̀ sì dìde. Pálọ̀ wọn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rárá, ṣùgbọ́n ohùn náà dún bí ohùn ẹni tó dúró sí òdì-kejì omi.

Ó wọlé. Adédèjì jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé.

"Bàbá Tiwa, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà kò yíjú. Ìdákẹ́jẹ́ kan tún kọjá.

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀," ni ó wí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí á mọ ibi tí Àmọ̀kẹ́ ti ń bọ̀, àti ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀. Ìjọ Aládùúrà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń lọ ní Barking ní irú àdúrà kan tí wọ́n máa ń gbà fún aláìsàn tí kò lè fúnra rẹ̀ dáhùn. Ẹnìkan á dúró lẹ́bàá omi nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, á pe orúkọ aláìsàn náà mọ́ ti ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlòmíràn tó mọ aláìsàn náà, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa dáhùn fún un pé, "Mo wà níhìn-ín." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu omi lọ fún aláìsàn mu. Pípè nìkan kò tó. Bí a bá pe ènìyàn, tí a kò sì fi ẹni tí yóò dáhùn sílẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a ṣílẹ̀kùn tí a kò mọ ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Wòlíì ìjọ náà, Màmá Olúfọlákẹ́, ti ríran sí ọ̀rọ̀ Adédèjì. Ó ní omi tí kò ṣàn ni òun rí, tí òkè yí i ká.

Ọ̀rọ̀ náà dààmú Àmọ̀kẹ́. Adágún wà ní Barking Park, òmíràn wà ní Mayesbrook, ṣùgbọ́n òkè wo ló wà ní gbogbo Dagenham? Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Àbúrò rẹ̀ kan tó ń gbé ní ìlú Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù. Bùnmi ni orúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí Màmá fi ààwẹ̀ rí yẹn, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ láti ìlú wa níbí ní gbogbo Sátidé," ni Bùnmi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àárọ̀ la máa lọ, ìrọ̀lẹ́ la máa dé. Wọ́n á tún fún yín ní búrẹ́dì àti wàràkàṣì."

"Ìwọ lo máa bá mi dáhùn ṣá?"

"Ta ni kò ní dáhùn fún bùọ̀dá Dèjì? Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Báyìí ni Àmọ̀kẹ́ ṣe wọ bàlúù lọ, tí ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Tiwaladé.

Ọmọ Nàìjíríà ni afinimọ̀nà tí wọ́n bá nínú bọ́ọ̀sì. Godswill ni ó ń jẹ́, ọmọ Warri, ó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òyìnbó, ó sì ń sá wá sí ìdí àga àwọn obìnrin méjèèjì láti fi Pidgin dá wọn lára yá.

"Mummy, welcome o. Today you go see water wey God hide for corner."

Adágún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé kéré, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, gbogbo ènìyàn ya fọ́tò níbẹ̀. Ìkejì ni ó tóbi. Òkè Alps gùn sókè láti inú omi rẹ̀ bí ògiri, ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn kò sì pariwo rárá, nítorí iná mànàmáná ni ó ń lò. Godswill ṣàlàyé pé bí wọ́n bá dé àárín, atukọ̀ á fọn fèrè sí àpáta, àpáta á sì fọn ọ́n padà. Lẹ́yìn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó pa ẹ̀rọ náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmọ̀kẹ́.

"Mummy, abeg," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Na only trumpet dem dey give that rock. Nobody dey call person name for here. Even me, I no dey try am."

Àmọ̀kẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. Sùtánà rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ báàgì, lábẹ́ súwẹ́tà. Ta ló sọ fún ọmọkùnrin yìí pé òun fẹ́ pe orúkọ ẹnikẹ́ni?

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Bùnmi wí nígbà tí ó lọ tán. "Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa dẹ́rù ba àlejò. Tí kò bá dẹ́rù bà wá, ta ló máa padà wá?"

Nígbà tí ọkọ̀ já wọn sílẹ̀, tí àwọn yòókù ń wá ibi tí wọn á ti jẹun, àwọn méjèèjì gba etí omi lọ títí wọn kò fi rí ẹnikẹ́ni mọ́. Àmọ̀kẹ́ bọ́ bàtà, ó wọ sùtánà lé aṣọ rẹ̀, ó sì tẹ ẹsẹ̀ bọ omi. Òtútù náà bù ú jẹ bí eyín. Ó bu omi sínú ìgò, Bùnmi náà sì bọ́ bàtà wọ inú omi tẹ̀ lé e. Àpáta dojú kọ ọ́ láti òdì-kejì, ó dúdú, ó sì dákẹ́.

Ẹ rántí pé ìyàwó Yorùbá kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Àmọ̀kẹ́ ti wọ ilé Adédèjì, kò fi ẹnu rẹ̀ pè é rí. Orúkọ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Adédèjì, ọmọ Ọmọ́bọ́láńlé!"

Bùnmi ya ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n òtútù omi ti gba èémí rẹ̀, ikọ́ ni ó jáde. Àpáta ti gba orúkọ náà, ó ń sọ ọ́ láti ibì kan sí ibì kejì. Àmọ̀kẹ́ kò dúró dè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, àpáta tún sáré gbà á. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, òkè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan ti òdì-kejì omi wá, kò ga, kò sì lọ sílẹ̀.

"Mo wà níhìn-ín."

Àmọ̀kẹ́ yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ nìyẹn?"

Bùnmi kò tíì pa ẹnu dé. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣáà ti dáhùn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. N kò mọ̀ pé mo ní ẹsẹ̀ mọ́."

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, Godswill wo etí aṣọ Àmọ̀kẹ́ tó tutù, ó gbójú kúrò. Kò tún sọ ohunkóhun sínú ẹ̀rọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé Munich.

Tiwaladé ti ìdí iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ padà sílé, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Mummy, surprise! Mo ní kí n má sọ fún yín lórí fóònù. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn Daddy? Láti Sátidé o! Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń dín dòdò, mo kàn gbọ́ lójijì, 'Mo wà níhìn-ín.' Mo ní, Daddy, where else would you be?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ rọra jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó bu omi adágún náà fún un, ọkùnrin náà gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà láìgbọ̀n, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí a kò bá pè é, kò ní sọ nǹkan kan láti àárọ̀ di alẹ́. Bí a bá sì pè é, á kọ́kọ́ dákẹ́, bí ẹni pé ìbéèrè náà ní láti rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn kí èsì tó padà. Ohùn Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré ti lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní báyìí, ó dán bí òkúta inú omi.

"Bàbá Tiwa," ni Àmọ̀kẹ́ bi í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, "kí lẹ rà fún mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jọ jáde?"

Ìdákẹ́jẹ́.

"Kí ni mo rà fún ọ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jọ jáde?" ni ó wí.

"Èmi ni mò ń bi yín."

Ìdákẹ́jẹ́. "Ìwọ ni ò ń bi mí," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ìjọ jó, wọ́n jó yí ọkùnrin náà ká. Màmá Olúfọlákẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí láti súre fún un. Ìyá tí àdúrà rẹ̀ máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé á fi sùn, kò sọ ju "Jésù" lọ tí ó fi gbé ọwọ́ kúrò. Ó nù ún mọ́ sùtánà rẹ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn ìsìn, ó fa Àmọ̀kẹ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí òórùn àbẹ́là ti pọ̀.

"Nígbà tí o pe orúkọ ọkọ rẹ, ta ló dáhùn?"

"Bùnmi ni, Màmá."

"Bùnmi fúnra rẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá àgbà náà wò ó pẹ́. "Ó dáa," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ẹni tí a bá fi orúkọ pè, Àmọ̀kẹ́, á dìde wá ni. Bí ẹlòmíràn bá wá dáhùn, ẹni yẹn ló máa bá ọ délé. Ẹni tí o pè á dúró síbi tí o pè é sí."

Èéṣe tí Àmọ̀kẹ́ fi purọ́? Kò le láti mọ̀. Bí ó bá sọ òtítọ́, ìjọ á gbààwẹ̀, wọ́n á lé ohun tó wà nínú ilé náà lọ, ilé á sì tún dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ láti ìgbà Àjíǹde. Tiwaladé ti ń kọrin ní kíṣìnnì báyìí. Àmọ̀kẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé ohùn tó jọ ti ọkọ òun sàn ju àìsí ohùn lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ti wọlé nígbà tí Bùnmi fi ohùn ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn mú, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní òpópónà. Tiwaladé wà níbi iṣẹ́. Àmọ̀kẹ́ dúró ní kíṣìnnì, ó gbé fóònù sétí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ ọ," ni Bùnmi wí. "Godswill ló gbà á sílẹ̀ lórí omi láàárọ̀ yìí. Ó ní àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Kò gbọ́ ohun tí ohùn náà ń sọ, àmọ́ ó mọ̀ pé Yorùbá ni. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń gbọ́ ọ."

Lẹ́yìn náà ni ìró omi tó ń lu ara ọkọ̀ wá láti inú fóònù. Atukọ̀ fọn fèrè. Àpáta kò fọn ọ́n padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan wúkọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Òtútù ti há a ní ọ̀fun, ṣùgbọ́n Àmọ̀kẹ́ ì bá mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún ohùn.

"Ìyá Tiwa," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyá Tiwa, o pè mí, mo sì ti dé. Níbo lo wà? Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn, kí n lè mọ ọ̀nà."

Orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n Àmọ̀kẹ́. Ó ti ṣí ẹnu.

Láti inú pálọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pe ẹnikẹ́ni, ohùn kan sọ̀rọ̀ kíá, láìsí ìdákẹ́jẹ́ kankan níwájú rẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́. Má dá a lóhùn."