Ìtẹ̀ka Kẹta

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Nimotallahi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé wọn ní Akínyẹlé, ó ń wo ìwé kan bí ẹni ń wo omi tó ń ṣàn. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. "Iná" ni Yorùbá ń pe ohun tí a fi ń se oúnjẹ. Bí Haúsá bá sọ ohun tó jọ ọ́ létí, ibi tí nǹkan wà ló ń béèrè. "Ìta" ni òde ilé. Lẹ́nu Haúsá, obìnrin kan ni wọ́n ń tọ́ka sí. Lójú Nimotallahi, wọ́n dà bí àlejò méjì tó wọ irú aṣọ kan náà, tí wọn kò sì bá ara wọn tan.

Bàbá Bàṣírù, Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà ní Mọníyà, ló sọ ìtumọ̀ wọn fún un, tó sì tẹ̀ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀, nìyẹn: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jọra nínú Yorùbá àti èdè mìíràn, kí ẹni tó ni èdè kejì náà sọ ìtumọ̀ wọn, kó sì tẹ̀ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje kan ní Ìbàdàn. Ọ̀la ni olùkọ́ yóò gba ìwé náà.

"Ta ló tún ń lọ sí Mọníyà nínú oòrùn yìí?" ni Sharon, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, wí. "Ṣé ìwọ ò ní àtàǹpàkò ni? Tẹ̀ ẹ́ jàre, Ìyá Olóòótọ́!"

Nimotallahi rẹ́rìn-ín. Ó kọ "oko" sílẹ̀, ó kàn sọ láti orí ara rẹ̀ pé atẹ́gùn ni lédè Haúsá, ó sì tẹ ìka ara rẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, inú Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ dùn. "Nimotallahi, ìwọ lo máa ṣojú wa!" Ó mú ìwé náà lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kékeré. Kò pẹ́ tí ohùn wọn fi ń gba ojú fèrèsé wọlé: "Oko, atẹ́gùn! Oko, atẹ́gùn!" Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí orin inú àlá. Nimotallahi fẹ́ kó tán. Kò tán. Wọn yóò gbé e délé, wọn yóò fi kọ́ ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn.

Ó dìde, ó lọ bá olùkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ kẹta. Ìka ara mi ni mo tẹ̀ sí i, sà."

Olùkọ́ ká ìwé náà. "O mọ̀ pé Fọlájìmí tó ṣe ìkejì ni yóò lọ báyìí?"

"Mo mọ̀, sà."

"Wọlé, kí o fẹnu ara rẹ sọ fún wọn."

Ó sọ ọ́, ojú ń tì í. Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí wá ni 'oko' lédè Haúsá?"

"N kò mọ̀."

Ọmọ náà pa ohun tó kọ rẹ́, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀ ṣì lè béèrè. Ẹni tó bá pe irọ́ ní ìmọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣì lọ́nà.