Umeboshi Kan Péré

Ojú tí Tóyọ̀sí fún pọ̀ ni Ṣẹ̀san kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí bí ojú náà ṣe rẹwà tó. Ọmọbìnrin náà, ẹ̀ṣọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Manchester, wá jẹun níbi tí Ṣẹ̀san ti ń dáná, ló bá ju odidi umeboshi sẹ́nu bí ẹni ń jẹ àgbálùmọ̀. Èso kékeré pupa ni, tí àwọn ará Japan máa ń rẹ sínú iyọ̀, tí wọ́n á sì sá sóòrùn títí á fi hunjọ, tí á sì kan gan-an.

Ṣẹ̀san sáré gbé omi wá. "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń fi í jẹ ìrẹsì."

"Ta ni àǹtí ẹ? O fẹ́ pa mí, o tún ń rẹ́rìn-ín!"

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá béèrè òmíràn. Ṣẹ̀san fi í se ẹja fún un, ó pò ó mọ́ oyin fi pa adìyẹ lára, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára.

Bàbá Tóyọ̀sí ló kù. Ọ̀gbẹ́ni Augustine, apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì sí Rochdale, kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹni tó ń dáná. Síbẹ̀, Ṣẹ̀san gbé ìrẹsì àti ìgò umeboshi lọ kí i, ó sì dọ̀bálẹ̀. Kí bàbá tó ní kó dìde, ó ti ju ọ̀kan sẹ́nu. Ìgbéraga ò jẹ́ kó tu ú, ẹnu ò sì ṣeé là. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, Ṣẹ̀san wà nílẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa Tóyọ̀sí.

"Dìde," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn, ó sì bu ìrẹsì lé e. Ojú ẹ̀ là. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kó dín iyọ̀ kù, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

"Fún mi ní méjì sí i, ká wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Ṣẹ̀san fọwọ́ bo ìgò. "Ẹ má bínú, sà. Tóyọ̀sí ti sọ fún mi pé ẹ ní BP, iyọ̀ inú ẹ̀ sì pọ̀ jù fún yín. Ọ̀kan yẹn ti tó."

"Bí mi ò bá wá fún ẹ lọ́mọ ńkọ́?"

Ṣẹ̀san ò gbọ́wọ́ kúrò lórí ìgò. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún yín."

Bàbá fẹ̀yìn ti àga. "Àwọn tó wá ṣáájú ẹ, ọtí tí dókítà kà léèwọ̀ fún mi ni wọ́n ń gbé wá. Máa pè mí ní Daddy."

Ṣẹ̀san tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbàgbé ìgò sórí tábìlì.

"Ọkọ mi, ìgò!" ni Tóyọ̀sí pariwo, ó já a gbà mọ́ Daddy lọ́wọ́.